Ẹ̀rọ Tó Kí Wa Tí Kò Dúró Gbọ́ Ìròyìn

Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 318,
Mzuzu,
Màláwì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Tawonga ọmọ ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi tí mi ò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Johannesburg? Ṣé ara le? O kú iṣẹ́ o, o kú àìsùn òru, o kú ìtọ́jú àwọn arúgbó onílé. Ṣé àwọn bàbá tí ò ń gbé sókè gbé sílẹ̀ yẹn ò tíì dá ẹ̀yìn rẹ? Ìyá onílé rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń pa iná mọ́ yín lójú bí ilẹ̀ bá ti ṣú? Àwọn ọmọbìnrin Zimbabwe méjì tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Kí wọ́n má bínú pé mi ò rántí orúkọ wọn, mo ṣáà rántí pé ọ̀kan nínú wọn máa ń hanrun bí ọkọ̀ akẹ́rù. Gbogbo wa níbí náà wà dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ ti àṣà wa ni, ibi tí mo máa dúró sí nìyẹn, mà á sì fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wá àga jókòó, Tawonga. Vitumbiko ọmọ rẹ ṣàìsàn ní oṣù tó kọjá, àìsàn tó le, ó sì ti yá. Mo tún un sọ kí àyà rẹ má baà já: ó ti yá pátápátá. Màmá gbé e wá kí mi lọ́sẹ̀ yìí, orí ẹsẹ̀ mi ló jókòó sí bí mo ṣe ń kọ̀wé, ẹ̀rún bisikíìtì rẹ̀ lo máa bá láàárín ìwé yìí.

Màmá ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ pè ọ́ lórí fóònù kí n wá dá ọ láyà já lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣèlérí fún un. Lẹ́tà kì í ṣe fóònù, nítorí náà mi ò tíì dalẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sọ́dọ̀ yín ló máa gbé e wá pẹ̀lú àpò ẹja usipa gbígbẹ tí Màmá dì fún ọ. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹni tó ń hanrun yẹn jẹ ẹ́ tán kí o tó ka lẹ́tà tán.

Nínú lẹ́tà tí o kọ gbẹ̀yìn, o bi mí pé ṣé jíjókòó síwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú tíì tútù ni mò ń pè ní bíbá àrùn jà. O ní ìwọ tí ò ń nu ara aláìsàn ni jagunjagun, pé akọ̀wé ogun lásán ni èmi. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí díẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe gan-an fún ọ, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ Vitu ò ní yé ọ.

Bí òjò bá ti ń bọ̀ báyìí, àrùn onígbáméjì náà ń bọ̀. Àwa tí a wà ní ilé ìwádìí máa ń ṣe ìṣirò ibi tí yóò ti kọ́kọ́ yọjú àti ọ̀nà tí yóò gbà: omi ibo ló dọ̀tí, ọjà wo ni èrò ń wọ́ lọ, ọkọ̀ ojú omi wo ló ń kó èèyàn láti èbúté kan sí òmíràn. Bí ìṣirò náà bá péye, oògùn àti àpò omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára á ti dúró níbẹ̀ kí àrùn tó dé. Bí kò bá péye, ìgbà tí wọ́n bá ń sìnkú ni oògùn á tó dé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a fi ọgbọ́n àtọwọ́dá kún iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ kan tó ń fi èdè wa pe àwọn èèyàn nílé, tó ń kí wọn, tó ń béèrè àlàáfíà wọn, tó sì ń kó èsì wọn fún ìṣirò wa. Ohùn obìnrin ló ní, ó tutù bí omi àmù. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bínú, iye èèyàn tó ń pè lójúmọ́ kan, gbogbo wa ò lè pè é lóṣù kan.

Apá kejì iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ ẹ̀rọ yẹn. Mà á tàn án, mà á dà á láàmú, mà á wá ibi tí ó ti lè ṣì wá lọ́nà kí ó tó ṣì wá lọ́nà lóòótọ́. Àṣìṣe nọ́ọ̀sì kan kì í sábà kọjá abúlé kan, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ bá ṣìṣe, gbogbo orílẹ̀-èdè ló máa bá a ṣìṣe lọ́jọ́ kan náà. Níbi iṣẹ́, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pè mí ní NyaHarawa, orúkọ ìdílé wa, mọ́. NyaKweni ni wọ́n ń pè mí, Ìyá Ṣùgbọ́n, torí kò sí ìpàdé tí mi ò ti ní sọ pé "ṣùgbọ́n". Mo ti gba orúkọ náà. Àwọn kan náà tó ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ló ń yọ́ wá bá mi pé kí n bá àwọn yẹ iṣẹ́ wò kí ọ̀gá tó rí i.

A dán ẹ̀rọ náà wò títí ó fi sú wa. A pín ara wa sí yàrá yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, a ń ṣe bí aláìsàn. Ẹnì kan á ní ọmọ òun ń bì, ẹlòmíràn á ní ìgbẹ́ òun dà bí omi ìrẹsì. Ẹ̀rọ á gbọ́, á ní kí wọ́n máa fún ọmọ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, á ní kí wọ́n má ṣe dúró kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn. Kò tàsé rárá. Ọ̀gá wa, Dókítà Mzumara, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Bàbá náà ń fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, iṣẹ́ yìí sì ni ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rántí rẹ̀. Inú àwọn ará ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera náà dùn débi pé wọ́n fẹ́ fi àṣẹ lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa pín oògùn láti ibì kan sí ibòmíràn, èèyàn kankan ò ní máa fọwọ́ sí i mọ́. Wọ́n ní kí èmi àti Dókítà Mzumara wá sí Lilongwe wá sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé ó ti yá.

Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Lórí àwòrán ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń yà fún wa, ibi tí àrùn wà máa ń pọ́n, ibi tí ara ti le máa ń ní àwọ̀ ewé. Gbogbo bèbè adágún ló ní àwọ̀ ewé. Àní bèbè adágún, Tawonga, níbi tí a ti ń mu omi kan náà tí a fi ń wẹ̀, tí a fi ń fọ ẹja. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Msondozi, lápá ọ̀dọ̀ Màmá, tilẹ̀ ti kọ̀wé pé òun ń fura, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbé ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn wà dáadáa ga ju ohùn ẹnì kan lọ. Nítorí àwọ̀ ewé yìí, a ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó púpọ̀ nínú àpò omi tó wà ní ilé ìwòsàn Msondozi wá sí Mzuzu. Mo ní "ṣùgbọ́n", wọ́n rẹ́rìn-ín. Ni mo bá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ kí Màmá.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń yí ẹja lórí pẹpẹ. O mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí. Ó ní àwọn wà dáadáa, mo ní àwa náà wà dáadáa. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi. Mo jókòó, mo ro malonje tèmi fún un: bí ọ̀nà ṣe rí, ẹni tí mo fi sílẹ̀ nílé, ohun tó gbé mi wá. Ìgbà tí mo parí ni òun náà tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tirẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé Vitu wà nínú ilé, inú ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná. Mo wọlé. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ojú ọmọ náà ti jìn wọ inú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ, mo pè é, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń wá bàtà mi kiri nígbà tí ó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni fóònù Màmá dún. Ẹ̀rọ wa ni. Mo mọ ohùn yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ara mi.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Màmá. Báwo ni ará ilé lónìí?"

Màmá fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, abọ́ èébì ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "A wà dáadáa, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun, Màmá. Inú mi dùn pé ẹ wà dáadáa. Ó dàbọ̀ o."

Ó ti lọ. Mo bi Màmá pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọmọ wà nílẹ̀ báyìí. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé.

"Ṣé kí n máa da ìgbẹ́ ọmọ sétí ẹni tí ò tíì jókòó ni? Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Mo ń retí kó béèrè ìròyìn kí n lè sọ fún un, ó ti sá lọ. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ tọ́ ọmọ yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ kẹ̀? Mo rò pé a kọ́ ọ nílé."

A pọn Vitu, a bẹ ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan tó ń gba ọ̀nà ilé ìwòsàn kọjá. Nọ́ọ̀sì yẹn kò fi àkókò ṣòfò. Àpò omi tó kù lórí pẹpẹ rẹ̀ kéré, àwọn aláìsàn tó wà nílẹ̀ sì ju àpò lọ. Ọmọ rẹ rí ọ̀kan gbà. Mo dúró ti ibùsùn rẹ̀, mò ń wo omi náà bí ó ṣe ń kán, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi wà lára ọwọ́ tó kó ìyókù lọ. Mo sunkún, Tawonga. Màmá rò pé nítorí Vitu nìkan ni, ó ní kí n nu ojú mi, pé ọmọ á yè é. Ọmọ náà sì yè é. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, ó ti ń béèrè kondowole, o sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń béèrè gbágùúdá rírò líle bẹ́ẹ̀ kò ní í kú.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo wọn ló ní àwọn wà dáadáa. Mo jókòó, mo mu omi wọn, mo ro ìròyìn tèmi. Ìgbà náà ni wọ́n wá ń fọwọ́ hàn mí: ọkọ wà nínú yàrá, ọmọ wà lórí ẹní, ìyá àgbà kan tilẹ̀ ti kú. Nínú ilé mẹ́ta, a ó ti rí aláìsàn ní méjì. Ẹ̀rọ wa ti pe gbogbo wọn, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọn le.

Àṣìṣe yìí, àwa nìkan ló lè ṣe é. Bó bá jẹ́ pé àlejò ló kọ́ ẹ̀rọ náà, á béèrè lọ́wọ́ wa bí a ṣe ń kí ara wa. Àwa rò pé a mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ ọ́n débi pé a ò rí i mọ́. Nígbà tí a ń dán an wò, gbogbo wa ló ṣe bí aláìsàn, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ṣe bí ọmọlúàbí.

Mo padà sí Mzuzu lọ sọ ọ́ fún Dókítà Mzumara. Mo ti múra sílẹ̀ pé á bínú, torí ìpàdé Lilongwe ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pe òun. Ó dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá àna lóhùn, ẹ̀rọ dúpẹ́, ó sì gé e. Bàbá náà gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

"NyaHarawa, o kí mi láàárọ̀. Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní ẹ wà dáadáa, sà."

"Ìyàwó mi wà ní ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

Mi ò mọ̀ rí. Àjọṣe wa níbi iṣẹ́ ti lé ní ọdún méje. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má bẹ òun, kí n lọ kó ìwé mi ká máa lọ sí Lilongwe.

Ìpàdé yẹn kò rọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Kachingwe tó ń ṣe alága kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tó sì sọ ní ìtumọ̀. Ó ní òjò kì í dúró de àpérò, pé ìwé tí èèyàn ń fọwọ́ sí ló máa ń pẹ́ lórí tábìlì títí àwọn ọmọ fi ń kú, pé ẹ̀rọ tó bá tàsé ní adágún ṣì dára ju ọ̀gá tó lọ sí ìsinmi lọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Dókítà Mzumara dìde, ó ní òun ni òun kọ ìbéèrè tó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tàsé, pé iṣẹ́ òun kò tíì yá. Ohun tí bàbá náà fẹ́ fi fẹ̀yìn tì ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró yẹn. Wọ́n wá kọjú sí mi pé kí ni èmi ń fẹ́ gan-an.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ò purọ́ fún wa o. Àwa la ò kọ́ ọ pé 'a wà dáadáa' kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Mi ò sì mọ nǹkan míì tá ò tíì kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó máa pe èèyàn, ẹ jẹ́ kó máa ṣírò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn wà lórí oògùn. Tí ibì kan bá sì dákẹ́ jù, kí ẹnì kan dìde lọ jókòó níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Kachingwe ní bí ọwọ́ èèyàn bá máa wà níbẹ̀, kí ọwọ́ náà yá. A gbà fún un. Wọ́n yan àwọn tí yóò máa dá ẹ̀rọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, ní ọ̀sán àti ní òru, kí ìwé kankan má sùn lórí tábìlì. Kí a tó jáde níbẹ̀, wọ́n ti pàṣẹ kí ọkọ̀ kó àpò omi àti oògùn apakòkòrò inú omi lọ sí gbogbo èbúté. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń dá pàṣẹ, wọ́n gbé e tì ná.

Láti ìgbà náà ni a ti ń tún ẹ̀rọ náà kọ́. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti ní àwọn wà dáadáa, á ní inú òun dùn, á ní òun ti jókòó, kí wọ́n ro ìròyìn ilé fún òun. Mo tún takú pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rọ ni òun, òun kì í ṣe èèyàn. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn àgbà á máa gé e. Màmá ní ẹ̀rọ tàbí èèyàn, ẹni tó bá ti jókòó ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìṣòro wa nísinsìnyí ni pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá kan fẹjọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí sun ẹ̀rọ títí fóònù rẹ̀ fi kú. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọmọ ìdílé wo ni, bóyá ó ti lọ́kọ. Ṣùgbọ́n láàárín ewúrẹ́ àti ọkọ, a ń gbọ́ ti ọmọ tó ń bì. Àwòrán bèbè adágún ti ń pọ́n níbi tó yẹ kó pọ́n, oògùn ń tẹ̀lé e, láti ìgbà tí ọkọ̀ náà sì ti dé, kò sí ẹni tí onígbáméjì pa mọ́ ní Msondozi. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lánàá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò bẹ̀rù rẹ̀ tó bí mo ṣe máa ń bẹ̀rù. Ìyàwó Dókítà Mzumara náà ti padà sílé.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bá ọ sọ, má bínú sí mi. Màmá sọ fún mi pé o pe òun lọ́jọ́ tí àìsàn Vitu bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn wà dáadáa, o ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, o ní iṣẹ́ ń dúró dè ọ́, o sì gé e. Inú rẹ̀ ò bàjẹ́ sí ọ, ó ní ọmọ òun ń ṣiṣẹ́. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí i ní àìmọye ìgbà, mi ò sì rò ó wò rí títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí o bá tún pè é, fi sùúrù dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìkíni.

Bá mi kí ìyá onílé, kí o kí àwọn ọmọbìnrin Zimbabwe, kí o sì kí gbogbo àwọn arúgbó rẹ tó bá ṣì ń gbọ́ràn. Màmá ń kí ọ. Vitu ní kí o ra bàtà pupa fún òun.

Tawonga, bí o bá ń dá èsì padà, má kọ ọ́ sí mi pé o wà dáadáa kí o sì fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ tí o ti ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀ láìsí ẹbí lọ́dọ̀ rẹ, gbogbo lẹ́tà rẹ ló sì kún fún ẹ̀fẹ̀. Báwo ni o ṣe wà gan-an? Mo ti jókòó.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ nínú oòrùn àti òjò,

Lusungu Harawa